Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Bá Dé Ìfun: Ohun Tí Mi Ò Mọ̀ Lálẹ́ Ọjọ́ Yẹn

Bóyá inú kẹ̀kẹ́ Nàpẹ́ẹ̀pù lẹ wà, bóyá orí ibùsùn lẹ dùbúlẹ̀ sí tí ẹ ti ki earpiece bọ etí, mo kí yín. Ọ̀fà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á dípò kí ẹ gbọ́ ọ, ohun tí mo sọ nínú ètò náà la kọ síbí. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti pariwo nìkan la yọ.

Ọ̀rọ̀ tòní le díẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń sún un síwájú. Ọ̀rọ̀ ìfun ni, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ sí ìfun kò bá lọ tó mọ́, tàbí tí kò lọ rárá. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọpọlọ. Ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ nìyẹn. A ti gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ lè má dé ara ọkàn fúnra rẹ̀, kí èèyàn kàn di àyà mú kó ṣubú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ pé irú nǹkan kan náà lè ṣẹlẹ̀ nínú ikùn?

Èmi ò mọ̀ ní tèmi. Mi ò kì í ṣe dókítà. Mo kàn jẹ́ ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà lọ́nà tó burú, tó sì wá lọ kàwé nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí fún yín.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn

Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ló tọ́ mi dàgbà. Ànàmọ́ ni wọ́n ń tà ní ọjà Owódé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀fà mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ ànàmọ́ ṣeré níbí. Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́yìn náà ni dókítà kan sọ fún wọn pé ọkàn wọn kì í lù déédéé: á sáré, á fo ìlù kan, á tún sáré. Ó kọ oògùn BP fún wọn, ó sì kọ òmíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Oògùn kejì yìí ló wọ́n jù. Èmi ni wọ́n máa ń fún lówó pé kí n bá wọn rà á tí mo bá lọ sí Ìlọrin.

Lọ́jọ́ kan, mo dé ilé ìtajà oògùn, wọ́n ní owó rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì. Mo wo owó tó wà lọ́wọ́ mi, kò tó. Mo lè fi díẹ̀ kún un látinú tèmi, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ara ìyá àgbà le, wọ́n ń lọ sọ́jà lójoojúmọ́, wọ́n sì ń bá àwọn oníbàárà fa ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ní ó di ìparí oṣù. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún wọn pé oògùn náà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ìyá àgbà kígbe. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n di ikùn mú, wọ́n ká jọ. Wọ́n bì, wọ́n sì yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ará ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Èmi gan-an ni mo sáré lọ kan ìlẹ̀kùn ìyá alágbo, tí mo ra àgbo jẹ̀dí wá. Wọ́n mu ún, wọ́n tún bì í jáde.

Nígbà tó di aago méjìlá kọjá, a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Ẹni tó gbà wá fọwọ́ tẹ ikùn wọn káàkiri. Ikùn rọ̀. Kò le, kò sì wú. Ó ní ọ́lsà ni. Ó gún wọn lábẹ́rẹ́ ìrora, ó ní kí wọ́n dín ata kù, ká padà wá láàárọ̀.

Ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn: ikùn rọ̀, síbẹ̀ ìrora fẹ́ pa èèyàn. Màá padà sórí rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ikùn ti wú, ṣùgbọ́n wọn ò kígbe mọ́. A rò pé ara ti ń balẹ̀. A wọ ọkọ̀, a gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin. Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó rí wọn níbẹ̀ bi mí pé, "Ṣé ọkàn màmá máa ń lù ségesège?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. "Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn?" Mi ò lè dáhùn.

Nígbà tí wọ́n la ikùn, apá tó pọ̀ jù nínú ìfun kékeré ti dúdú. Ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọkàn ló ṣí kúrò, tó bá iṣan lọ, tó lọ dí iṣan tó ń bọ́ ìfun. Ìyá àgbà lo ọjọ́ mẹ́ta sí i, wọ́n sì lọ.

Ìfun àti ojú irin

Ìfun kì í ṣe rọ́bà lásán tí oúnjẹ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹran ara tó wà láàyè ni, ó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, ó sì nílò ọ́síjìn. Ìfun kékeré nìkan gùn tó nǹkan bíi mítà 6 nínú àgbàlagbà. Bí a bá jókòó jẹ́ẹ́, ó kéré tán, ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló ń lọ sọ́dọ̀ ìfun àti àwọn ẹ̀yà inú ikùn tó ń bá a ṣiṣẹ́. Tí a bá jẹun tán, ó tún máa ń pọ̀ sí i.

Iṣan ńlá mẹ́ta ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ yìí lọ. Èkíní ń bọ́ àpò oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú. Èkejì ń bọ́ ìfun kékeré fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, pẹ̀lú apá àkọ́kọ́ ìfun ńlá. Ẹ̀kẹta ń bọ́ ìyókù ìfun ńlá. Èkejì yìí ló dí lára ìyá àgbà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo ọmọ Ọ̀fà mọ̀ ṣàpèjúwe. Ojú irin tó ti Èkó wá ti gba ìlú wa kọjá kó tó di 1910. Ó gba Ìbàdàn, ó gba Òṣogbo, ó dé Ọ̀fà, kó tó kọjá sí Ìlọrin àti Jẹ́bà. Ẹ wò ó láyé ìgbà tí ojú irin ni ọ̀nà ẹrù. Bí ọkọ̀ bá dojú dé ní Òṣogbo lójijì, ẹrù Ọ̀fà kò ní dé lọ́jọ́ náà, ọjà á sì dá páropáro. Ṣùgbọ́n bí ojú irin bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣòwò á ti wá ọ̀nà mìíràn, wọ́n á máa fi mọ́tò kó ẹrù wọn.

Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Tó bá ń dí díẹ̀díẹ̀, àwọn iṣan kéékèèké tó wà nítòsí á fẹ̀, wọ́n á máa ràn án lọ́wọ́, èèyàn lè má mọ̀ fún ọdún púpọ̀. Tó bá dí lójijì, kò sí àyè láti wá ọ̀nà mìíràn. Ìfun tí ẹ̀jẹ̀ kò dé rárá lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe láàárín nǹkan bíi wákàtí 6. Ẹ ka wákàtí tiwa: láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di ìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Nínú àwọn tí irú èyí bá mú lójijì, ó lé ní ìdajì tó máa ń kú bí wọn ò bá tètè rí ìtọ́jú.

Ọ̀nà márùn-ún tó ń gbà ṣẹlẹ̀

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Virchow ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ lè dì síbì kan nínú ara, kó ṣí kúrò níbẹ̀, kó bá iṣan lọ, kó sì lọ há síbòmíràn. Títí di òní, ìbéèrè mẹ́ta làwọn dókítà fi ń wádìí irú àìsàn yìí: Ṣé ara iṣan ti bàjẹ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dáadáa? Ṣé ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tètè dì? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yìí sọ́wọ́ bí a ṣe ń lọ.

Ọ̀nà kìíní: ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọkàn. Tí ọkàn kò bá lù déédéé, ẹ̀jẹ̀ máa ń dúró sí kọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, bí omi ṣe ń dúró sí gọ́tà tí kò ṣàn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró máa ń dì. Tí ègé kan bá já lára rẹ̀, ó lè lọ sí ọpọlọ kó di rọpárọsẹ̀, ó sì lè lọ sí ìfun. Àwọn tó yẹ kó ṣọ́ra jù níbí ni àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège, àwọn tó ti ní àìsàn ọkàn rí, àti àwọn tí àtẹ̀gùn inú ọkàn wọn, èyí tó ń ṣí tó ń pa dé, ti bàjẹ́. Ọ̀nà yìí ló wọ́pọ̀ jù nínú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójijì.

Ọ̀nà kejì: iṣan tó ń dí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rá á máa lẹ̀ mọ́ ara iṣan, iṣan á máa le, ojú rẹ̀ á máa há. Ohun tó ń fà á kò ṣàjèjì sí wa: ọjọ́ orí tó ti kọjá 60, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, ọ̀rá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, àti sìgá. Ẹni tí iṣan ọkàn tàbí ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti dí rí, ó ṣeé ṣe kí ti ìfun náà máa dí lọ. Ara kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń yí gbogbo rẹ̀ ká.

Ọ̀nà kẹta: ẹ̀jẹ̀ tó dì lójú ọ̀nà àbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wọ ìfun gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Tí iṣan tó ń gbé e padà bá dí, ìfun á wú, ẹ̀jẹ̀ tuntun ò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Èyí lè mú ọ̀dọ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n bí i mọ́ ọn pé kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa tètè dì, ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gan-an, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, aboyún, àti obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní èròjà estrogen. Ẹ̀yin arábìnrin mi, mi ò ní kí ẹ lọ da oògùn yín nù o. Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó tí nǹkan kan kì í ṣe. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń mu sìgá, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídì ti mú ẹnì kan rí nínú ẹbí yín, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kó tó kọ ọ́ fún yín.

Ọ̀nà kẹrin: iṣan ò dí, ẹ̀jẹ̀ ni kò tó. Tí ara bá wà nínú ewu, ó máa ń kó ẹ̀jẹ̀ kúrò níkùn láti fi gba ọpọlọ àti ọkàn là. Ìfun ló máa ń san gbèsè náà. Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí omi ara rẹ̀ gbẹ nítorí ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dànù lára rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín, àti ẹni tó lo ohun tó ń fún iṣan pọ̀.

Ọ̀nà karùn-ún: ìfun fúnra rẹ̀ ló lọ́. Ní ilẹ̀ wa àti káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọ̀nà yìí làwọn oníṣẹ́ abẹ ń rí jù. Ẹ wo ìpá. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń gbé ìpá kiri fún ọdún mẹ́wàá, nítorí pé tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà, tàbí nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ìfun á há síbẹ̀, kò ní lè padà sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Tí ìpá bá le lójijì, tó ń dunni, tí kò wọlé mọ́, tí èébì sì tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má fi ọwọ́ tì í wọlé tipátipá.

Ọmọ ọwọ́ náà ní tirẹ̀. Ìfun ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lè kó wọ inú ara rẹ̀, bí ìgbà tí apá ẹ̀wù bá ká wọ inú. Ọmọ náà á ké, á ká ẹsẹ̀ sókè, á dákẹ́, á tún ké. Á máa bì. Ẹ̀jẹ̀ tó ki pọ̀pọ̀ lè bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Kì í ṣe eyín ló ń hù o. Ẹ gbé e lọ.

Àwa ọ̀dọ́ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ pé, "Àgbà lò ń bá wí, ọmọ ọdún 24 ni mí." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ara wa.

Sìgá àti ṣíṣà ń ba ara iṣan jẹ́. Òfin ìṣàkóso tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 kò fàyè gba kí wọ́n máa ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò sì fàyè gba kí wọ́n tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ jáde lálẹ́ òní kí ẹ wo bó ṣe rí ládùúgbò yín.

Kokéènì, àti èyí tí wọ́n ń pè ní mkpuru mmiri tàbí ice, máa ń fún iṣan pọ̀ lójijì. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí iṣan ìfun lára ọ̀dọ́ tí nǹkan kan ò ṣe tẹ́lẹ̀. Dókítà ò lè mọ̀ tí ẹ ò bá sọ. Tí inú bá ń run yín gan-an lẹ́yìn tí ẹ lo nǹkan báyìí, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín. Ẹ̀mí yín ló ń wá, kì í ṣe ẹjọ́ yín. Àwọn oògùn katá kan tó ní pseudoephedrine náà máa ń fún iṣan pọ̀. Ẹ má lò ó kọjá ohun tó wà lára páálí rẹ̀, pàápàá tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àrùn SS. Orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní SS jù lágbàáyé, bíi ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló sì ní AS. Nínú ẹni tó ní SS, ẹ̀jẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi dòjé, ó sì lè há sínú iṣan kéékèèké. Kí ìfun bàjẹ́ nítorí rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin jagunjagun mi, ẹ̀yin lẹ mọ bí ìrora yín ṣe máa ń rí. Tí ti inú bá yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀, tí kò lọ pẹ̀lú omi àti oògùn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ìgbẹ́ jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé, "Ó ti bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ nìyẹn."

Ìyàgbẹ́ àfipáṣe. Mo mọ̀ pé àgbo jẹ̀dí wọ́pọ̀ láàárín wa, àwọn mìíràn sì ń fi ọtí mu ún lálaalẹ́. Tí ẹ bá ń yàgbẹ́ tí omi ara fi gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á ki, ìfun á sì gba díẹ̀. Fún ẹni tí iṣan rẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀, ìyẹn ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀. Ìgbẹ́ tó gbẹ fún ọjọ́ púpọ̀ náà kò dára fún ìfun ńlá, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń lo tramadol.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀

Ẹ rántí ikùn tó rọ̀. Ní wákàtí àkọ́kọ́, inú ìfun ni ìrora wà, ara ikùn níta kò tíì mọ̀. Ẹni tó ń jìyà á máa yí mọ́lẹ̀, ẹni tó ń tẹ ikùn rẹ̀ ò sì ní rí nǹkan kan. Ìrora tó ju ohun tí ọwọ́ rí lọ: àmì tó yẹ kó ta dókítà jí jù nìyẹn. Tí èèyàn bá wá dákẹ́ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan tí ikùn sì ń wú, kò túmọ̀ sí pé ara ti yá. Ó lè jẹ́ pé ìfun ti ń kú.

Èyí tó ń dí díẹ̀díẹ̀ ní àmì tirẹ̀. Bí ẹni náà bá jẹun, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí wákàtí kan, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Nígbà tó bá yá, á máa bẹ̀rù oúnjẹ, á máa bu díẹ̀, á máa rù. Ilé á máa sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ bi í pé, "Ṣé kò wù yín jẹ ni, àbí ẹ ń bẹ̀rù ìrora?" Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn wúlò fún dókítà.

Ti ìfun ńlá máa ń dun èèyàn lápá òsì ikùn, ẹ̀jẹ̀ á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń yá tí wọ́n bá rí ìtọ́jú, ṣùgbọ́n dókítà ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Tí ìrora inú tó le bá bẹ̀rẹ̀ lójijì, ẹ má fún ẹni náà ní àgbo, ẹ má fún un ní oúnjẹ. Ẹ wo aago, kí ẹ kọ ọ́ sórí fóònù. Ẹ gbé e lọ síbi tí dókítà oníṣẹ́ abẹ wà. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ nǹkan mẹ́ta: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àìsàn tó ti wà nílẹ̀, àti oògùn tó ń lò tàbí tó ti dá dúró. Ẹ béèrè pé, "Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ìfun ni?" Fọ́tò CT tí wọ́n fi oògùn sínú iṣan yà ló sábà máa ń fi í hàn. Ká ní mo ti sọ ọ̀rọ̀ nípa ọkàn ìyá àgbà ní ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ láàárín òru yẹn ni, bóyá ẹni tó gbà wá ì bá ti ronú kọjá ọ́lsà. Kò sẹ́ni tó bi mí, èmi náà ò sì sọ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

A ò lè yí ọjọ́ orí padà, a ò sì lè yí ohun tí wọ́n bí mọ́ wa padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ṣeé ṣe nǹkan sí, ẹ̀rí rẹ̀ ò sì jìnnà sí wa. Ní 2009, ètò adójútòfò ìlera kan bẹ̀rẹ̀ ní Afọ̀n, ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí. Àwọn olùṣèwádìí wọn BP àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀, wọ́n sì wọn ti àwọn ará Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ètò náà kò tíì dé. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní 2011, nọ́ńbà òkè BP ti fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ ní Afọ̀n. Níbi tí kò sí ètò náà, nǹkan bí 5 ló fi wálẹ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Internal Medicine gbé àbájáde náà jáde ní 2014. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí owó oògùn kò bá dá èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, BP máa ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Gbogbo ìgbà tí mo bá gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, mo máa ń rántí iṣẹ́ ìwádìí yẹn, mo sì máa ń rántí ìrìn àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ọ̀nà kan náà ni.

Nítorí náà, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ bẹ̀ yín sí lónìí. Kìíní, ẹ pe màmá yín, tàbí bàbá yín àgbà, ẹ bi wọ́n bí oògùn wọn ṣe kù sí. Ẹ má bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn?" Wọ́n á ní àwọn ń lò ó. Ẹ ní kí wọ́n fi páálí rẹ̀ hàn yín lórí fídíò WhatsApp. Tí owó rẹ̀ bá ti wọ́n jù, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó wo bóyá òmíràn tó dínwó wà. Ẹ má kàn dá a dúró. Ẹ má sì lọ ra oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì fúnra yín, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láì dúró.

Èkejì, ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ wọn, lábẹ́ àtàǹpàkò, níbi tí iṣan ti ń lù. Ẹ tẹ́tí sí i fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Bó bá ń fò, tó ń sáré, tí kò ní ìlànà bí ìlù onílù tó ti mutí yó, ẹ mú wọn lọ kí wọ́n yẹ ọkàn wọn wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ àìsàn àti oògùn wọn sórí fóònù yín, kí ó wà níbi tí ẹ ti lè rí i láàárín òru láì wá a.

Mi ò fi gbogbo èyí tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ẹni tó yẹ kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ, mo sì ti sọ òótọ́ fún ìyá mi. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé oògùn tirẹ̀ ńkọ́, ṣé mo ti rà á. Mo ti rà á. Láti ìgbà náà, tí mo bá lọ sí Ìlọrin, oògùn ni mo máa ń kọ́kọ́ rà kí n tó ra nǹkan mìíràn.

Ó tó báyìí. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sórí gúrúùpù ẹbí yín, kò ní jẹ dátà púpọ̀. A ó tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.